Forbes, onímọ̀ ẹyẹ tó kú sí etí Odò Ọya

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1883 ni William Alexander Forbes jáde láyé ní Shonga, ìlú kan létí Odò Ọya tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Ọmọ ọdún 27 péré ni. Kì í ṣe ológun, kì í ṣe oníṣòwò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ajíhìnrere. Ẹyẹ ló wá wò. Ọ̀nà omi tó gbà débẹ̀ kọjá níwájú Lokoja, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Kabba àti ilẹ̀ Okun.

Cheltenham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí ní oṣù kẹfà ọdún 1855. James Staats Forbes, bàbá rẹ̀, jẹ́ ọ̀gá pàtàkì nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ó kàwé ní Winchester, ní Edinburgh àti ní Cambridge. Nígbà tí A. H. Garrod, onímọ̀ tó ń la òkú ẹranko wò ní ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù, kú ní ọdún 1879, Forbes ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Bí ẹranko tàbí ẹyẹ kan bá kú nínú ọgbà náà, òun ni yóò là á, tí yóò yẹ inú rẹ̀ wò, tí yóò sì kọ ohun tó bá rí sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbà náà ṣe ń pín ẹyẹ sí ìdílé. Bí àgógó àti ìyẹ́ ẹyẹ méjì bá ti jọra, ọmọ ìyá ni wọ́n kà wọ́n sí. Forbes kò gba ìrísí òde nìkan gbọ́. Iṣan ara, ibi tí ohùn ti ń jáde lọ́fun àti ìfun ni ó ń yẹ̀ wò, nítorí pé oúnjẹ àti ibùgbé lè mú kí àjèjì méjì jọra, ó sì lè sọ ọmọ ìyá méjì di ẹni tí ojú kò lè mọ̀ pé wọ́n tan.

Ní ọdún 1880, ó kọ̀wé lórí inú àwọn ẹyẹ kéékèèké kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà tí à ń pè ní Euphonia. Èso wẹ́wẹ́, pàápàá èso àfòmọ́, ni oúnjẹ wọn. Ìdílé tanager ni àwọn onímọ̀ kà wọ́n mọ́. Forbes rí i pé iwe wọn, tó máa ń le, tó sì máa ń nípọn lára ẹyẹ mìíràn, ti joro débi pé díẹ̀ ló kù kó má sí. Iwe nìkan kò lè sọ ìdílé wọn gan-an, nítorí oúnjẹ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ó lé ní 100 ọdún kí àyẹ̀wò DNA tó fi hàn pé Euphonia kì í ṣe tanager rárá. Inú ìdílé finch gidi ni wọ́n wà, ìdílé kan náà pẹ̀lú kànárì.

Ní ọdún 1882, ó ya àwọn ẹyẹ tín-tìn-tín kan láti New Zealand sí ìdílé tiwọn. Ibí yìí ni DNA ti gbè é lẹ́yìn: ẹ̀ka wọn ló kọ́kọ́ yà kúrò nínú agboolé ńlá tí ológoṣẹ́, ẹ̀gà àti kànárì jọ wà.

Àgbẹ̀ tó ń lé ẹyẹ lóko ọkà bàbà ní agbègbè Kabba lè rí irú ọ̀rọ̀ yìí nítòsí rẹ̀. Ẹ̀gà tó ń jẹ ọkà, kànárì tó ń kọrin lórí igi, àti ẹyẹ pupa wẹ́wẹ́ tó ń ṣa hóró ní àgbàlá, gbogbo wọn ló ní àgógó kúkurú tó nípọn, tó ń fọ́ hóró. Síbẹ̀, ìdílé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, kànárì nìkan ló sì jẹ́ finch gidi nínú wọn. Kódà, àwọn ẹyẹ erékùṣù Galápagos tí gbogbo ayé ń pè ní finch ti Charles Darwin, ìdílé tanager ni wọ́n.

Darwin kú ní oṣù kẹrin ọdún 1882. Ní oṣù keje ọdún kan náà ni Forbes wọ ọkọ̀ ní Liverpool. Ó ti lọ sí igbó Pernambuco ní Brazil ní ọdún 1880, ó sì padà sílé láyọ̀. Ti Odò Ọya kò rí bẹ́ẹ̀. Àìsàn dá a dúró sí Shonga, kò sì kúrò níbẹ̀ láàyè.

Ní ọdún 1881, Forbes ló kó àwọn àpilẹ̀kọ Garrod, ẹni tó wà nípò ṣáájú rẹ̀, jọ sínú ìwé kan. Ní ọdún 1885, F. E. Beddard, tó gba ipò lẹ́yìn rẹ̀, ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún òun náà.

Ọdún tó kú gan-an ni G. E. Shelley fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹyẹ kan ní forbesi. Ẹyẹ kékeré tó máa ń sáré nílẹ̀ ni, ọ̀já dúdú méjì sì wà láyà rẹ̀. Nígbà òjò, orí àpáta ló máa ń yé sí, irú àpáta ńlá tó yí ọ̀pọ̀ ìlú Okun ká.