Israël Silvestre, Ayàwòrán Ọgbà Ọba

Ní ìlú Nancy ni a gbé bí Israël Silvestre ní ọdún 1621. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ó di ọmọ òrukàn, arákùnrin ìyá rẹ̀, Israël Henriet, tí ń tẹ àwòrán tà ní Paris, sì gbà á tọ́, ó sì kọ́ ọ ní iṣẹ́.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù púpọ̀. Wọn a fi ọ̀dà kun ojú bàbà pẹlẹbẹ, wọn a sì fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sí i ní òdìkejì, nítorí pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún lára bàbà, ọwọ́ òsì ni yóò bọ́ sí lórí ìwé. Lẹ́yìn èyí ni wọn a da oje kíkan lé e. Níbi tí abẹ́rẹ́ bá ti họ ọ̀dà kúrò ni oje náà yóò jẹ wọlé. Inú ìlà wọ̀nyí ni tàdáwà yóò dúró sí títí wọn yóò fi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

Silvestre rin ìrìn àjò lọ sí Ítálì, ṣùgbọ́n ọgbà ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Nicolas Fouquet, olùtọ́jú ìṣúra ọba Faransé, kọ́ ààfin kan sí Vaux. André Le Nôtre sì tẹ́ ọgbà síwájú rẹ̀: ọ̀nà tí ó gún gbọọrọ, ewéko tí a gé bí iṣẹ́ ọnà ara aṣọ, àti omi tí ń tú sókè láti inú adágún. Silvestre ya gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1661, Fouquet se àsè fún Ọba Louis kẹrìnlá níbẹ̀. Ọlá náà pọ̀ jù lójú ọba, tí ó ti ń fura sí i tẹ́lẹ̀. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi mú Fouquet, inú ẹ̀wọ̀n ni ó sì kú sí ní ọdún 1680.

Ọba kó Le Nôtre lọ sí Versailles, kò sì pẹ́ tí Silvestre náà fi di ayàwòrán ọba. Ó ya àríyá ńlá tí ọba ṣe níbẹ̀ ní ọdún 1664. Ní 1673 ó di olùkọ́ àrẹ̀mọ ọba nínú àwòrán yíyà. Lójú tèmi, ó pọ́n ọba díẹ̀. Omi Versailles kò tó rárá. Ṣe ni àwọn òṣìṣẹ́ ń súfèé sí ara wọn láti ṣí omi bí ọba bá ti ń sún mọ́ tòsí. Nínú àwòrán, omi kì í gbẹ.

Silvestre kú ní ọdún 1691. Nígbà tí Alfred Sommier ra Vaux ní 1875, igbó ti bo ọgbà náà, ìlà rẹ̀ sì ti parẹ́. Àwòrán Silvestre ni àwọn tí ó tún un ṣe ń wò kí wọ́n tó mọ ibi tí ọ̀nà gbà.