Carl Gustav Jung: Ẹni tó kọ́ ayé ní introvert àti extravert

Ní hóstẹ́ẹ̀lì lóde òní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ló ti mọ irú ẹni tí òun jẹ́. Ẹnì kan á ní introvert ni òun, kí wọ́n má pe òun síbi ayẹyẹ. Ẹlòmíràn á ní extravert ni òun, òun ò lè dá kàwé nínú yàrá. Àwọn kan tilẹ̀ ti ṣe ìdánwò lórí fóònù, wọ́n ti gba lẹ́tà mẹ́rin tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orúkọ wọn bí ẹni tó jẹ oyè. Àwa tí à ń kọ́ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ọmọ ènìyàn ní ẹ̀ka yìí ń gbọ́ orúkọ Carl Gustav Jung, àmọ́ ìlà kan tàbí méjì ni orúkọ náà sábà máa ń jẹ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ wa, ó parí. Ìgbésí ayé ọkùnrin náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjà ló bí ìmọ̀ rẹ̀ nípa oríṣi ènìyàn. Ohun tó sì ń wá ni bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò rí ayé bí a ṣe rí i yóò ṣe yé wa.

Ọmọ pásítọ̀ tó ń dá ṣeré

Ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1875 ni wọ́n bí Jung ní Kesswil, abúlé kan létí adágún Constance ní orílẹ̀-èdè Switzerland. Pásítọ̀ ni Paul, bàbá rẹ̀. Emilie, ìyá rẹ̀, wá láti ìdílé Preiswerk, níbi tí pásítọ̀ pọ̀ sí. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Carl Gustav Jung, ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Basel. Ilé tí ìwé wà ni wọ́n bí i sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó kò pọ̀ níbẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo kí wọ́n tó bí àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó máa ń dá ṣeré, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wo òun. Nígbà tó tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó gbẹ́ ère ọkùnrin kékeré kan sí orí rúlà rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ láṣọ, ó tẹ́ ẹ sínú àpótí tó ń kó kálàmù sí, ó sì lọ fi í pamọ́ sókè àjà. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, á yọ́ gòkè lọ wò ó. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó tún máa ń rò pé ènìyàn méjì ni òun: ọ̀kan ni ọmọ ilé ìwé tí ìṣirò ń dà láàmú, èkejì ni àgbàlagbà kan tó ti gbé ayé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú.

Nígbà tó di ọmọ ọdún 12, ọmọ kan tì í, ó ṣubú, ó sì forí gbálẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ní kó lọ sí ilé ìwé, á dákú. Ó lé ní oṣù mẹ́fà tó fi wà nílé, tó ń rìn kiri inú igbó, tó ń ka ìwé tó wù ú. Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń sọ fún àlejò pé ìwọ̀nba owó tí òun ní ti tán lórí àìsàn ọmọ náà, òun ò sì mọ ohun tí yóò máa jẹ bí kò bá lè ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí gún un lọ́kàn. Ó lọ gbé ìwé Látìn, ó ń kà á. Ó dákú, ó dìde, ó tún ń kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni dídákú náà dé lọ́jọ́ yẹn, kò sì jẹ́ kó dá òun dúró. Láìpẹ́, ó padà sí ilé ìwé. Nígbà tó dàgbà tó di dókítà, ó máa ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ yìí pé ibẹ̀ ni òun ti mọ̀ pé ọkàn lè fi àìsàn ṣe ibi ìsápamọ́.

Dókítà tó ń fi aago wọn ọ̀rọ̀

Ní ọdún 1895, Jung bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Basel. Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹbí ló sì ràn án lọ́wọ́ tó fi parí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1900, ó lọ ṣiṣẹ́ ní Burghölzli, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Zürich, lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀ Eugen Bleuler.

Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí ni ìdánwò ọ̀rọ̀. Yóò pe ọ̀rọ̀ kan, ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ yóò sì fi ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn dá a lóhùn, kí Jung tó pe òmíràn. Aago wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí i pé lórí ọ̀rọ̀ kan báyìí, ẹni tó ti ń dáhùn wéréwéré á ṣàdédé dúró, á kálòlò, tàbí kó rẹ́rìn-ín láìnídìí. Ibi tí ìdáhùn bá ti pẹ́, ohun kan wà níbẹ̀ tó ń dun ọkàn, tí ẹni náà lè má mọ̀ rárá. Jung pe irú ohun bẹ́ẹ̀ ní complex, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ṣì ń lò.

Ní ọdún 1903, ó fẹ́ Emma Rauschenbach, ọmọ ìdílé olówó, ọmọ márùn-ún ni wọ́n sì bí. Ní 1909, ó fi ilé ìwòsàn sílẹ̀, ó lọ ń gba aláìsàn nínú ilé tó kọ́ sí Küsnacht, létí adágún Zürich.

Freud, Adler àti aláìsàn kan náà

Ìdánwò ọ̀rọ̀ yìí ló so ó pọ̀ mọ́ Sigmund Freud ní Vienna. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà síra wọn ní 1906, wọ́n sì fojú kanra ní oṣù Kẹta ọdún 1907. Ìròyìn ìpàdé náà ni pé nǹkan bíi wákàtí 13 ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Freud fi ọdún 19 jù ú lọ, ó sì ń wò ó bí ọmọ tí yóò jogún iṣẹ́ òun. Wọ́n jọ lọ sí Yunifásítì Clark ní Amẹ́ríkà ní 1909. Ní 1910, Jung di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ Freud lágbàáyé.

Àmọ́ Jung kò gbà pé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara ni orísun gbogbo agbára tó wà nínú ọkàn. Ó kọ ìwé tó fi èrò rẹ̀ hàn ní 1912, nígbà tó sì di oṣù Kìíní ọdún 1913, àárín wọn ti dàrú. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1911, Alfred Adler náà ti kúrò lẹ́yìn Freud.

Ibí ni ìbéèrè Jung ti bẹ̀rẹ̀. Aláìsàn kan náà ni Freud àti Adler lè wò. Freud á ní ohun tí aláìsàn náà fẹ́ tí kò rí gbà ló ń dà á láàmú: ẹni tó nífẹ̀ẹ́, bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀. Adler á ní rárá, ìbẹ̀rù pé òun rẹlẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó ń wá bí òun yóò ṣe wà lókè. Àwọn méjèèjì kì í ṣe òpè, àwọn méjèèjì sì ní ẹ̀rí. Jung wá sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ọ̀kan ń ti ìta wo ènìyàn, èkejì ń ti inú wò ó. Ní ìpàdé àwọn onímọ̀ náà ní Munich, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1913, ó ka àkọsílẹ̀ kan níbi tó ti fi ẹ̀kọ́ Freud sí apá extravert, tó fi ti Adler sí apá introvert. Ìpàdé yẹn ni òun àti Freud ti ríra kẹ́yìn.

Ìwé ọdún 1921

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e le fún un. Ní 1914, ó fi ipò ààrẹ ẹgbẹ́ àti iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Zürich sílẹ̀. Àwọn ìran tó ń rí bà á lẹ́rù, ó sì ń kọ wọ́n, ó ń yà wọ́n sínú ìwé ńlá kan tí a fi awọ pupa bò, tí ayé kò rí títí di 2009. Láti 1915, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ dókítà, Hans Schmid-Guisan, ń jiyàn nínú lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ oríṣi ènìyàn. Jung ń sọ̀rọ̀ bí introvert, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dáhùn bí extravert. Kókó ọ̀rọ̀ wọn ni bí irú ènìyàn méjì ṣe lè gbọ́ ara wọn yé. Wọn ò gbọ́ ara wọn yé, lẹ́tà náà sì dáwọ́ dúró.

Ní 1921, ìwé náà jáde lédè Jámánì, *Psychologische Typen*. Nínú rẹ̀, introvert kì í ṣe onítìjú, extravert kì í sì í ṣe aláriwo. Ibi tí agbára ọkàn ń ṣàn sí ló ń sọ. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ọkàn extravert á kọ́kọ́ jáde lọ bá nǹkan náà. Ti introvert á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, á wo ohun tó jí nínú òun. Gbogbo ènìyàn ló ní méjèèjì, ọ̀kan ló kàn ń ṣíwájú.

Jung fi ọ̀nà mẹ́rin tí ọkàn ń gbà mọ nǹkan kún un. Ẹ jẹ́ ká fi ohun tó sún mọ́ wa ṣàlàyé. Ká ní wọ́n lẹ ìkéde mọ́ pátákó ẹ̀ka pé wọ́n ti sún ìdánwò síwájú. Ẹni tí ojú àti etí rẹ̀ ń ṣáájú á rí ọjọ́, wákàtí, àti pé kò sí òǹtẹ̀ lórí ìwé náà. Ẹni tí ìrònú rẹ̀ ń ṣáájú á béèrè ìdí àti ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ẹni tó ń fi ọkàn díye lé nǹkan á rò bóyá ó dára bẹ́ẹ̀, àti ẹni tí yóò pa lára. Ẹni tí ojú inú rẹ̀ ń ṣáájú ti ń sọ pé ìyanṣẹ́lódì ń bọ̀. Ọ̀nà mẹ́rin yìí, lábẹ́ introvert tàbí extravert, ló di oríṣi mẹ́jọ.

Kí ni oríṣi wá ń fi hàn nípa ènìyàn? Ó ń fi ohun tó máa ń kọ́kọ́ rí hàn, àti, èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú Jung, ohun tí kì í rí. Ọ̀nà tí a kò lò kì í kú. Á wà nísàlẹ̀ ọkàn bí ọmọ tí a kò tọ́, á sì jáde lọ́jọ́ tí a kò retí. Onírònú tó fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sẹ́yìn lè ṣàdédé bínú bí ọmọdé lórí ohun kékeré.

Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀

Ìmọ̀ yìí kò gba Jung fúnra rẹ̀ là. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ní ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú Toni Wolff, tó ti jẹ́ aláìsàn rẹ̀ rí, tó sì ràn án lọ́wọ́ lórí ìmọ̀ oríṣi ènìyàn. Emma mọ̀, ó sì dùn ún.

Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Hitler gorí àlééfà. Ní 1933, Jung di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn kan tó fìdí múlẹ̀ sí Jámánì. Ní 1934, nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ náà, ó kọ̀wé pé ọkàn àwọn Júù yàtọ̀ sí ti àwọn ará Jámánì. Dókítà Gustav Bally bẹnu àtẹ́ lù ú ní Zürich lọ́dún náà gan-an. Òótọ́ ni pé Jung yí òfin ẹgbẹ́ padà kí àwọn dókítà Júù tí wọ́n lé ní Jámánì lè wọlé fúnra wọn. Ohun tó kọ kò ṣe é pa rẹ́ síbẹ̀. Àwa ará Áfíríkà náà ní tiwa ńbẹ̀: ó rìnrìn àjò dé Kenya àti Uganda ní 1925, ó sì kọ̀wé nípa àwọn tó bá níbẹ̀ bí ẹni tí ọkàn wọn ṣì wà ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ́ wa pé ká má fi ojú tiwa nìkan wo ẹnìkejì ló fi ojú tirẹ̀ nìkan wo odindi ẹ̀yà.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Láti 1923, ó ń fi òkúta kọ́ ilé gogoro kan sí Bollingen, létí adágún. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀. Ó ń la igi, ó ń dáná fúnra rẹ̀. Àìsàn ọkàn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á ní 1944, Emma sì kú ní 1955. Jung kú ní Küsnacht ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1961, lẹ́ni ọdún 85.

Katharine Briggs àti ọmọ rẹ̀ Isabel Briggs Myers, àwọn ará Amẹ́ríkà, ló fa lẹ́tà mẹ́rin tó kún orí fóònù wa yọ láti inú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 1934, nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó kọ sí ẹ̀dà ìwé náà tó jáde ní Argentina, Jung ti kìlọ̀ pé fífi oríṣi lé ènìyàn lórí kò yàtọ̀ sí eré ọmọdé. Àwọn onímọ̀ òde òní náà kì í pín wa sí agbo méjì mọ́; wọ́n ń wọ̀n ọ́n bí ìwọ̀n, wọ́n sì rí i pé àárín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wà.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní introvert ni yín, ẹ ti sọ ibi tí ẹ ń gbà wo ayé. Ẹ kò tíì sọ bóyá ẹ jẹ́ olóòótọ́, bóyá ẹ ń mú ìlérí ṣẹ, bóyá ẹ lè tọrọ àforíjì. Ìyẹn ni àwọn baba wa ń pè ní ìwà, kò sì sí lẹ́tà mẹ́rin tó lè dípò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo ẹ̀kọ́ Jung dáadáa, kó fi béèrè ohun kan lọ́jọ́ tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń jà: kí ni ọ̀rẹ́ mi yìí ń rí tí èmi ò rí?