Thunder Balogun: Kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yẹ ká máa rántí

Àwọn àgbà ló ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Bí èèyàn bá gba Ajah kọjá ní ìrọ̀lẹ́, láti Badore títí dé Sangotedo, tàbí tó gba etí òkun Lekki lọ, kò ní ṣàì rí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí yanrìn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkùnrin kan yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, yóò fi fèrè kọ́ ọrùn, yóò sì máa pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n sáré, kí wọ́n já bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kóòṣì ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tó ń bi í léèrè pé ṣé ọmọ ilẹ̀ yìí lè kọ́ èèyàn ní bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí ìbéèrè yẹn wà nílẹ̀, tó jẹ́ pé òkè òkun ni àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù wa sábà máa ń wò bí wọ́n bá fẹ́ kóòṣì. Lára àwọn tó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ wọn dá ìbéèrè náà lóhùn ni Tesilimi Olawale Ayinde Balogun, ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Thunder Balogun.

Ìlú Èkó ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, ọdún 1927. Ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé ni, orúkọ Mùsùlùmí ló sì ń jẹ́, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ àwọn Àgùdà ló lọ, St. Mary's, ní Port Harcourt lọ́hùn-ún. Láti kékeré ni ọmọ náà ti mọ̀ pé Nàìjíríà ju ìlú kan lọ. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lágbára. Bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù, ńṣe ló ń dún bí ìgbà tí àrá bá sán. Ibẹ̀ ni orúkọ Thunder ti wá. Àwọn mìíràn ń pè é ní Balinga.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ bá ìgbà náà yóò rántí pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń fi jẹun nígbà yẹn. Ilé iṣẹ́ ló ń ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Bí ọmọkùnrin kan bá mọ bọ́ọ̀lù gbá, ilé iṣẹ́ kan yóò gbà á síṣẹ́, yóò máa ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì tàbí iṣẹ́ ọwọ́ láàárọ̀, yóò sì bọ́ sí pápá nírọ̀lẹ́. Báyìí ni Balogun ṣe gbá bọ́ọ̀lù fún Apapa Bombers, Marine, UAC, SCOA, Pan Bank àti Railway, tó sì tún dé ìlú Jos lọ gbá fún wọn níbẹ̀. Pápá King George V ní Onikan, èyí tí wọ́n wá sọ ní pápá Mobolaji Johnson lónìí, ni èrò ti máa ń lọ wò ó. Kò tíì sí ọ̀nà ọ̀dà Lekki sí Epe nígbà náà. Ọkọ̀ ojú omi ni ará Ajah tó bá fẹ́ dé Ìsàlẹ̀ Èkó máa ń wọ̀, ẹni tó bá sì ti Èkó bọ̀ ni yóò mú ìròyìn wá sílé nípa ohun tí Thunder tún ṣe.

Àwọn ìròyìn náà kì í pẹ́ kó tó di àlọ́. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń ya àwọ̀n. Wọ́n ní aṣọ́lé tó bá gbá a mú yóò bá ara rẹ̀ nínú àwọ̀n. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ti Nàìjíríà àti India, tí wọ́n ní India fi oògùn gbá góòlù mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún wọlé, tí wọ́n sì ní bí Nàìjíríà bá lè gbá ẹyọ kan ṣoṣo wọlé, àwọn ló borí. Orúkọ Thunder ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá pé òun ló gbá ẹyọ kan náà. Kò sí ìgbà kankan tí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ wáyé. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í pa irú ìtàn yẹn mọ́ ẹni tí kò tó nǹkan. A kàn ń sọ ọ́ títí tí a fi gbàgbé ohun gidi tí ọkùnrin náà ṣe.

Ohun gidi náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1949. Ní ọdún yẹn, wọ́n ṣa agbábọ́ọ̀lù méjìdínlógún jọ káàkiri Nàìjíríà, wọ́n ní kí wọ́n lọ sí ìlú Òyìnbó lọ fi ara wọn hàn. Etim Henshaw ni balógun wọn, Balogun tiwa sì wà láàárín wọn. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹjọ ni ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Apapa gbé wọn kúrò ní Èkó, ó sì tó ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó dé Liverpool. Jack Finch, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Fulham, ni wọ́n fi ṣe kóòṣì wọn níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í wọ bàtà, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, wọn a kàn fi báńdéèjì di ọrùn ẹsẹ̀. Ẹnu ya àwọn òyìnbó. Wọ́n gbá ìdíje mẹ́sàn-án: wọ́n borí nínú méjì, wọ́n gbá ọ̀mì nínú méjì, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú márùn-ún. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n yà sí Freetown, wọ́n sì na Sierra Leone ní góòlù méjì sí òdo ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá. Ìyẹn ni wọ́n kà sí ìdíje àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá ní ìlànà òfin.

Ẹni tó bá ronú jinlẹ̀ yóò rí ẹ̀kọ́ kan nínú ìrìn àjò náà. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ wa kò lágbára, kì í sì í ṣe pé wọn kò lè sáré. Ohun tí àwọn òyìnbó fi jù wọ́n lọ ni ètò: ibi tí oníkálukú yóò dúró sí, ìgbà tó yẹ kó sáré àti ìgbà tó yẹ kó dúró, bí èèyàn mọ́kànlá ṣe lè máa ronú bí ẹyọ ẹnìkan. Ìyẹn kì í ti inú ẹsẹ̀ wá. Ẹ̀kọ́ ni, ó sì ní láti ní ẹni tí yóò kọ́ni.

Titus Okere, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n jọ lọ ní 1949, ló kọ́kọ́ padà sí ìlú Òyìnbó, tó lọ sí ẹgbẹ́ Swindon Town. Ní 1955, ó kan Balogun. Ọdún yẹn kan náà ni Gold Coast, tó di Ghana lónìí, na Nàìjíríà ní góòlù méje sí òdo ní Accra, ìtìjú tí àwọn tó gbọ́ ọ kò gbàgbé bọ̀rọ̀. Balogun forí lé Peterborough United. Nǹkan kò rọrùn fún un níbẹ̀. Otútù wà, ẹrẹ̀ wà, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tó ti jẹ́ ọba ní Onikan sì wá di àlejò tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kò rọ́wọ́ mú púpọ̀ ní Peterborough. Ó lọ sí Skegness Town, láti ibẹ̀ ló sì dé Queens Park Rangers ní London. Ní sáà 1956 sí 1957, ó gbá ìdíje líìgì mẹ́tàlá fún wọn, ó sì gbá góòlù mẹ́ta wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún gbá bọ́ọ̀lù fún Holbeach United.

Góòlù mẹ́ta kò pọ̀ fún ẹni tí wọ́n ń pè ní Thunder. Ẹlòmíràn ì bá fi ìtìjú padà wálé, kó sì máa sọ ìtàn òyìnbó fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Balogun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ kóòṣì, ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Òun ni wọ́n kà sí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó yege gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì tó kọ́ṣẹ́ mọ́ṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ẹni tó mọ oko ro, ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó lè kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní oko ríro, ọ̀tọ̀ ni. Agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò bá a darúgbó, yóò sì bá a wọ ilẹ̀ lọ. Ìmọ̀ tó bá fi lé ọmọ lọ́wọ́ kò ní bá a lọ.

Ó padà sí Nàìjíríà, ó sì ṣiṣẹ́ kóòṣì ní Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn, tí Ìbàdàn jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ni, tó sì tún ti korò, nìyí. Nàìjíríà ti gba òmìnira ní 1960. Ọmọ wa ló di mínísítà, ọmọ wa ló di ọ̀gá ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè, òkè òkun ni wọ́n ṣì sábà máa ń wò. Wọ́n mú ti Israel wá, wọ́n mú ti Hungary wá, nígbà tó sì di 1970, wọ́n mú ti Jámánì wá. A kò sọ pé àwọn èèyàn náà kò mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní irú ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ní wà nílé, tó gbọ́ èdè àwọn ọmọ, tó ti gbá bọ́ọ̀lù lórí yanrìn àti nínú ẹrẹ̀ òyìnbó.

Nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí ìdíje bọ́ọ̀lù Òlíńpíìkì, ní ìlú Mexico lọ́dún 1968, Balogun wà lára àwọn kóòṣì tó kó ikọ̀ náà lọ. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nílé nígbà náà. Port Harcourt tí Balogun ti kàwé wà láàárín ogun, ọ̀pọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù ìlà-oòrùn kò sì sí nítòsí láti ṣà. Japan na Nàìjíríà ní mẹ́ta sí ẹyọ kan, Kamamoto nìkan ló sì gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé fún wọn. Spain náà nà wá ní mẹ́ta sí òdo. Ìdíje kẹta ló kù, Brazil sì ni. Ẹni gbogbo rò pé wọn yóò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Mẹ́ta sí mẹ́ta ni wọ́n gbá a. Àwọn ọmọ Nàìjíríà gbá góòlù mẹ́ta sínú ilé Brazil, lákòókò tí ìbọn ń dún nílé. Wọn kò gba ife ẹ̀yẹ kankan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún lè sọ pé ẹsẹ̀ lásán ni àwa mọ̀, pé a kò ní ètò.

Ikú kò jẹ́ kó pẹ́ láyé. Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù keje, ọdún 1972, Thunder Balogun sùn ní Èkó, kò sì jí mọ́. Ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta péré ni. Ó fi ọmọ mẹ́jọ sáyé lọ. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní oṣù kìn-ín-ní 1973, Nàìjíríà gba àmì ẹ̀yẹ góòlù bọ́ọ̀lù nínú ìdíje gbogbo Áfíríkà, ní pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè ní Surulere. Ọkùnrin tó ti ń gbá a bọ̀ láti ìgbà ẹsẹ̀ lásán kò sí láyé láti fojú rí i.

Ìjọba Èkó ronú nípa rẹ̀. Ní 1984, nígbà ìjọba ológun Gbolahan Mudashiru, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápá ìṣeré kan ní Surulere. Ó di ìdí, ó di àtìpà, ìjọba kan ń kó wọlé, òmíràn ń kó jáde, koríko sì hù síbẹ̀. Ọdún 2007 ni wọ́n tó parí rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún, orúkọ Teslim Balogun ló sì ń jẹ́. Èrò tó lé ní ẹgbàá méjìlá lè jókòó síbẹ̀. Wọ́n lo pápá náà fún ife àgbáyé àwọn ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ ní 2009.

Ohun tí Balogun fi ara rẹ̀ jìn fún pẹ́ ju pápá náà lọ kó tó rí ibi jókòó. Nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1980, Otto Glória láti Brazil ni kóòṣì. Nígbà tí a tún gbà á ní 1994, Clemens Westerhof láti Holland ni. Ọdún 2013 ni ọmọ Nàìjíríà kọ́kọ́ jẹ́ kóòṣì tó gba ife náà fún wa, ìyẹn Stephen Keshi, nígbà tí a na Burkina Faso ní ẹyọ kan sí òdo ní Johannesburg. Ọdún kọkànlélógójì lẹ́yìn ikú Thunder nìyẹn. Keshi náà ti di olóògbé láti 2016.

Àwọn baba wa ní omi lèèyàn ń tẹ̀ kó tó tẹ yanrìn. Thunder Balogun ló tẹ omi. Àwọn ọmọ tó wà lórí yanrìn Lekki àti Ajah lónìí, àti ọkùnrin tó fi fèrè kọ́rùn tó ń pariwo mọ́ wọn, àwọn ló ń tẹ èyí tó ti gbẹ. Bí ẹ bá ń sọ ìtàn àwọ̀n tó ya àti ti India fún àwọn ọmọ ọmọ yín, ẹ máa sọ ọ́, ó dùn gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kún un pé nígbà tí ọkùnrin náà rí i pé ẹsẹ̀ òun fẹ́ máa rẹ̀, ó jókòó, ó kẹ́kọ̀ọ́, ó sì padà wá sílé láti wá kọ́ àwọn mìíràn.