Anna Hinderer (1827–1870): Ìrìn Àjò Tọkọtaya Òyìnbó Kan ní Ilẹ̀ Yorùbá

Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, kò ṣọ̀wọ́n kí á rí àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ, kí wọ́n gba ọ̀nà Ajah kọjá, kí wọ́n forí lé etíkun Eléko. Wọ́n a háyà àtíbàbà onímọ̀ọ̀pẹ, wọ́n a máa wo òkun, wọ́n a sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìsinmi ni wọ́n bá wá. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tẹ̀ síwájú láti Eléko sí apá ìlà-oòrùn, yóò dé ìlú Lekki gan-an, níbi tí òyìnbó mìíràn ti wá ṣiṣẹ́ ìjọ lẹ́yìn 1874. David Hinderer ni orúkọ rẹ̀. Òun nìkan ni ó wá. Anna, ìyàwó tí wọ́n jọ rin ilẹ̀ Yorùbá, ti kú. Anna yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé, nítorí pé ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ mọ ohun tí ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Ìbàdàn gbà lọ́wọ́ ẹni tó fi í lélẹ̀.

A bí Anna Martin ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Ẹrẹ́nà, 1827, ní Hempnall, ní àgbègbè Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ fi ayé sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sọ́dọ̀ Àlùfáà Francis Cunningham àti ìyàwó rẹ̀ ní Lowestoft. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní iléèwé ọjọ́ Ìsinmi, ó sì tún ń kó àwọn ọmọ tálákà aláṣọ àkísà jọ. A ó rí i pé kì í ṣe ìyàwó àlùfáà tó kàn ń ran ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ni. Iṣẹ́ olùkọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó mọ ọkọ.

Ará Jámánì ni David, láti Schorndorf, òṣìṣẹ́ ìjọ C.M.S. tó ti dé Ìbàdàn ní 1851. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Ọ̀wàrà, 1852. Nígbà tó di oṣù Ọ̀pẹ̀, wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1853. Ibà ni ó kọ́kọ́ pàdé ìyàwó tuntun. Abẹ́òkúta ni wọ́n gbà dé Ìbàdàn ní oṣù Igbe ọdún náà.

Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn nígbà náà. Ọmọ tó tó ọmọ, oko tàbí ogun ni bàbá rẹ̀ ń fojú sọ́nà pé yóò lọ, ta ni yóò wá yọ̀ǹda tirẹ̀ kí ó lọ jókòó ti ìwé? Ìjòyè Olúńlóyọ̀ ni ó fi àpẹẹrẹ lélẹ̀, tí ó fa ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé Anna lọ́wọ́. Iléèwé àwọn obìnrin tó ń jẹ́ orúkọ Yéjídé ní Ìbàdàn kò jẹ́ kí a gbàgbé. Ní Kúdẹtì ni tọkọtaya náà kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì sí. Anna kò bímọ, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kún fún ọmọ. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń kàwé, tí òun pàápàá sì ń kọ́ Yorùbá lẹ́nu wọn. Ní tèmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ òyìnbó ayé ìgbà náà: ó gbà kí àwọn tí ó ń kọ́ kọ́ òun náà.

Àìsàn lé wọn padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1856, wọ́n sì tún dé ní 1858. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Kúrunmí, Ìjẹ̀bú náà dìde sí Ìbàdàn, ọ̀nà etíkun sì dí pa. Ìjàyè fọ́ ní 1862, síbẹ̀ ọ̀nà kò là. Owó ẹyọ tán lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta ohun èlò ilé, títí kan agolo òfìfo, kí àwọn ọmọ lè jẹun. Ẹ̀wà oníepo àti iṣu ni oúnjẹ wọn, ọwọ́ àwọn aládùúgbò ni òmíràn sì ti ń wá. Ìwọ̀nba lẹ́tà tó bá rí ọ̀nà gbà nìkan ni Èkó fi ń mọ̀ pé wọ́n ṣì wà láàyè. Anna ń rù, ara ọkọ rẹ̀ náà kò dá, ṣùgbọ́n iléèwé kò tú.

Ní oṣù Igbe, 1865, Glover tó ń ṣàkóso Èkó rán Ọ̀gágun Maxwell láti wá wọn kàn. Ọ̀nà igbó ní ìhà Ìjẹ̀bú Rẹ́mọ ni ó gbà pẹ̀lú àwọn ènìyàn díẹ̀, ó sì yọ sí wọn lóru láìròtẹ́lẹ̀. Ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ ni Anna ní láti pinnu. David kò lè fi ìjọ àti àwọn ọmọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni aya rẹ̀ yóò kú bí kò bá lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n gbé e sínú aṣọ tí a so mọ́ ọ̀pá, wọ́n sì mú un gba inú igbó lọ láìpariwo, nítorí ọ̀tá. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ó dé Èkó. Ó dùn mí pé ìtàn kò pa orúkọ àwọn tó rù ú mọ́ bí ó ti pa ti Maxwell mọ́.

David tẹ̀ lé e nígbà tó yá, wọ́n sì tún jọ padà wá ní 1866. Ìfọ́lé 1867 lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n àwọn wà ní Ìbàdàn. Ojú Anna kan ti fọ́ nígbà náà. Ní 1869 wọ́n lọ pátápátá, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún Daniel Olúbí, tó ti wà pẹ̀lú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń yin tọkọtaya yìí láìdárúkọ Olúbí, kò tíì sọ ìtàn náà délẹ̀. Anna kú ní Martham, ní Norfolk, ní ọjọ́ kẹfà oṣù Òkúdù, 1870, ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì. Ọdún 1872 ni wọ́n tẹ ìwé tí a kó jọ láti inú lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde.

Bí David ti tún padà wá, kò lọ sí Ìbàdàn mọ́ láti máa gbé. Lekki ni ó gbà bẹ̀rẹ̀, ní ẹ̀bá ọ̀sà, ó sì ti ibẹ̀ nawọ́ iṣẹ́ náà dé Òde Oǹdó, ní ọ̀nà ìlà-oòrùn tí òun àti Anna kò jọ rìn rí.