Alfred Büchi, Ọkùnrin Tó Sọ Èéfín Di Agbára

Ìtàn ọkùnrin kan tó ti kú tipẹ́ ni mo fẹ́ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dé ìdí rẹ̀.

Nígbà họ́lídè tó kọjá, mo ń ran àbúrò bàbá mi lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì wọn ní Kàdúná. Ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní tọ́bò. Bọ̀ọ̀dá ní kí n de páìpù tó ń dá ọ́ìlì padà láti inú tọ́bò sísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Páìpù náà gùn jù, ṣùgbọ́n mi ò gé e. Mo kàn tẹ̀ ẹ́, ó wá gòkè díẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n sítáàtì ọkọ̀, èéfín bo gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà bínú, Bọ̀ọ̀dá sì tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú tì mí débi pé mi ò padà síbẹ̀ mọ́ títí a fi wọlé.

Nínú láíbìrì wa ni mo ti wá ka ìtàn ẹni tó ṣe tọ́bò àkọ́kọ́. Alfred Büchi lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 1879, ní ìlú Winterthur ní Switzerland. Ilé-iṣẹ́ Sulzer tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì wà nílùú yẹn, ibẹ̀ sì ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Büchi kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Zürich, ó jáde ní 1903, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní Belgium àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ èéfín ló gbà á lọ́kàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá jó epo, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára epo náà ló ń bá èéfín gbóná jáde lásán. Büchi rò ó pé èéfín yẹn lè yí fáànù kan, kí fáànù yẹn sì yí èkejì tó máa ti atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí atẹ́gùn bá pọ̀, epo tó máa jó á pọ̀, agbára náà á pọ̀. Ní 1905, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 26, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní Jámánì pé òun lòun ni èrò náà.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀ o! Büchi padà sí Sulzer, ó ń ṣe é, ó ń tú u. Ní 1915 ó ṣe ọ̀kan, kò ṣiṣẹ́ bó ṣe fẹ́. Ó tún fi ọdún mẹ́wàá sí i. Ní 1925 ló tó bọ́ sí i: agbára ẹ́ńjìnnì fi ohun tó ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi tọ́bò rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi Jámánì méjì, Preussen àti Hansestadt Danzig. Ẹ́ńjìnnì tí ì bá mú agbára ẹṣin 1,750 wá wá ń mú 2,500 wá. Büchi kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 1959, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún.

Ìgbà tí mo kà á tán ni ọ̀rọ̀ tí Bọ̀ọ̀dá sọ lọ́jọ́ náà tó yé mi. Ọ̀pá tó so fáànù méjèèjì pọ̀ lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan nínú ọkọ̀ kékeré. Ọ́ìlì ni kì í jẹ́ kó jóná. Pọ́ǹpù ló ń ti ọ́ìlì wọlé gba páìpù tóóró, àmọ́ kò sí ohun tó ń tì í jáde. Ṣe ló ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ bí omi òjò. Nítorí náà, páìpù ìpadà gbọ́dọ̀ fẹ̀, kó dagẹ̀rẹ̀, kó má gòkè níbì kankan, kí ẹnu rẹ̀ sì ga ju ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì lọ. Èmi tẹ̀ ẹ́, ọ́ìlì ò rọ́nà lọ, ó bá já sínú sàláńsà, ó ń jó.

Büchi fi ogún ọdún tú u, ó ń tún un dè. Èmi sá nítorí páìpù kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ ìbẹ̀wò tó kọjá, mo ní kí bàbá mi bá mi bẹ Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ní Bọ̀ọ̀dá ò tiẹ̀ bínú, ìgbà tí mo máa padà wá ni wọ́n ń béèrè. Mo máa lọ ní họ́lídè tó ń bọ̀. Mo ti mọ ibi tí mo máa gé páìpù báyìí.