Charlie Chaplin: Ọmọ Tálákà Tí Ó Sọ Ìyà Di Ẹ̀rín

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀ràn bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à ń fi í rín. Ìgbésí ayé Charles Spencer Chaplin, aláwàdà sinimá tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé, jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì sí òwe yìí.

Ọjọ́ 16, oṣù kẹrin, ọdún 1889 ni a bí i. Ìhà gúúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ó gbé dàgbà. Akọrin orí ìtàgé ni baba àti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọtí ba ti baba jẹ́, àìsàn ọpọlọ sì kọlu ìyá. Ọmọ ọdún méje ni Chaplin nígbà tí òṣì lé òun, ìyá rẹ̀ àti Sydney ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ilé tí wọ́n ń kó àwọn aláìní sí. Wọ́n sì ya àwọn ọmọ náà kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn.

Iṣẹ́ ìtàgé ni ó yọ ọ́ nínú ìṣẹ́. Láti kékeré ni ó ti ń jó fún owó. Ní 1910 ó bá ẹgbẹ́ òṣèré Fred Karno lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó di 1914, ó bọ́ sínú sinimá. Ọdún náà gan-an ni ó gbé alárìnkiri rẹ̀ jáde: kóòtù tí ó fún un mọ́ra, ṣòkòtò tí ó tóbi jù ú lọ, bàtà ńláńlá, àkẹtẹ̀ dúdú kékeré, ọ̀pá ọwọ́ àti irunmú bíńtín. Òtòṣì pọ́ńbélé ni, síbẹ̀ ìwà ọmọlúwàbí kò kúrò lára rẹ̀. Bí ebi tilẹ̀ ń pa á, yóò ṣí fìlà kí obìnrin.

Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ni ó fi ń ṣeré. Nínú The Kid, ti ọdún 1921, alárìnkiri náà tọ́ ọmọ tí a gbé sọnù; nígbà tí àwọn aláṣẹ fẹ́ gba ọmọ náà lọ, ó sá gba orí òrùlé lé wọn. Nínú The Gold Rush, ti 1925, ó se bàtà jẹ, ó sì ń fa ìṣó rẹ̀ lá bí eegun adìẹ. Súìtì dúdú ni wọ́n fi ṣe bàtà náà, ṣùgbọ́n ebi tí ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó mọ̀ ọ́n dáradára. Sinimá tí kò lóhùn ni wọ́n, nítorí náà kò sí èdè tí kò gbọ́ ọ.

Ọdún 1921 kan náà ni ó mú ìyá rẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà, ó sì tọ́jú rẹ̀ títí ìyá fi kú ní 1928.

Chaplin kì í ṣe aláìlábùkù. Ìgbéyàwó mẹ́ta tú ká mọ́ ọn lórí kí ó tó fẹ́ Oona O'Neill ní 1943, ẹni tí ó bí ọmọ mẹ́jọ fún un.

Ní 1940 ó fi Hitler, tí a bí ní ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn rẹ̀, ṣe ẹlẹ́yà nínú The Great Dictator. Nígbà tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní 1964, ó jẹ́wọ́ pé bí òun bá ti mọ bí ìkà inú àgọ́ Jámánì ti tó ni, òun kì bá tí fi ṣe àwàdà. Bẹ́ẹ̀ ni aláwàdà mọ ibi tí ẹ̀rín dé.

Ní 1952, nígbà tí ó rin ìrìn-àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìjọba Amẹ́ríkà fagi lé ìwé àṣẹ ìpadàbọ̀ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ó lọ tẹ̀dó sí Switzerland. Ogún ọdún kọjá kí wọ́n tó pè é padà wá gba ẹ̀bùn Oscar fún ìyẹ́sí, gbogbo gbọ̀ngàn sì dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Ní 1975 Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi í joyè Sir. Ọjọ́ Kérésìmesì 1977 ni ó dágbére fáyé, ní ẹni ọdún 88.

Ọmọ tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń rẹ́rìn-ín láìfi òtòṣì ṣẹ̀sín, kí ó wo The Kid.