Paul de Vivie àti Jíà Kẹ̀kẹ́

Ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Surulérè lọ sí Yábàá lè máà mọ ìwúlò jíà, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé orí afárá, tí ẹrù sì wà lẹ́yìn rẹ̀, orúnkún rẹ̀ yóò sọ fún un. Ní Saint-Étienne, ní ilẹ̀ Faransé, òkè ni ó yí ìlú ká. Ibẹ̀ ni Paul de Vivie gbé lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀.

Ọdún 1853 ni a bí i. Òwò ṣẹ́dà ni ó kọ́kọ́ ń ṣe, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ gba ọkàn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi òwò náà sílẹ̀, tí ó ń ta kẹ̀kẹ́, tí ó sì dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ ní 1887. Vélocio ni orúkọ tí ó fi ń kọ̀wé.

Ìtàn sọ pé ní 1889 ó ń gun òkè kan tí ó ga ju mítà 1,100 lọ, Col de la République. Jíà kan ṣoṣo ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní, bíi ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn. Bí ó ti ń làágùn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ka ìwé ìròyìn rẹ̀ fò ó kọjá, kòkò tábà lẹ́nu rẹ̀! Ọ̀rọ̀ náà ká a lára. Ó fi irin roboto eléyín kejì ti èkíní níbi tí ẹsẹ̀ ti ń yí ṣéènì. Bí ṣéènì bá wà lórí kékeré, ẹsẹ̀ a máa yí léraléra, ṣùgbọ́n òkè kò ní wúwo. Bí ó bá wà lórí ńlá, kẹ̀kẹ́ a sáré ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ni a fi ń gbé ṣéènì náà láti orí ọ̀kan bọ́ sí èkejì, iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ́. Ó tún un ṣe títí, kò sinmi.

Àwọn asáré kẹ̀kẹ́ kẹ́gàn rẹ̀. Ní 1902, obìnrin kan, Marthe Hesse, fi kẹ̀kẹ́ oníjíà mẹ́ta kọjá àwọn òkè nínú ìdánwò kan láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Síbẹ̀ Henri Desgrange, ẹni tí ó dá Tour de France sílẹ̀ ní ọdún kejì, takú pé jíà púpọ̀ yẹ àwọn tí ó ti lé ní ọdún 45 nìkan. Agídí ni èyí, kì í ṣe ọgbọ́n.

Ní 1930, ọkọ̀ ojú irin ìgboro kọ lu de Vivie ní Saint-Étienne, ó sì kú ní ẹni ọdún 76. Ní 1937 ni Tour de France tó gba jíà onípààrọ̀ láàyè.